Èyí Tó Bàjẹ́ Dà?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Épírì, 1982. Ṣakí.

Ìpàdé Ẹgbẹ́ Atẹ̀wé Òkè-Ògùn, nílé Abíọ́nà, Alága wọn. Láti Ìsẹ́yìn dé ibí, eruku ni mo fi ṣe oúnjẹ àárọ̀. Oòrùn ń jó páànù lórí wa, afẹ́fẹ́ kankan ò sí.

Abíọ́nà fúnra rẹ̀ ló dìde fún ìròyìn iṣẹ́. Kàlẹ́ńdà tó tẹ̀ fún àwọn onímọ́tò ló gbé lé tábìlì, aláwọ̀ mẹ́ta, ó fi wúrà yí etí rẹ̀ ká. Ó sọ ẹni tó kí i, ó sọ ẹni tó dìde fún un, ó sọ àga tí wọ́n gbé fún un. Bó ṣe mú kí àwọ̀ kan má gun orí ìkejì, tí í ṣe ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wa fẹ́ gbọ́, kò fẹnu kàn án. Ó ní Ọlọ́run ṣe é, kò sí wàhálà rárá. Ràmọ́nì ará Òtu pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ dá iná. Bí Alága bá sín, Ràmọ́nì yìí á ní irú sísín bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ní gbogbo Òkè-Ògùn.

Nígbà ayé bàbá àwọn ọmọ mi, ẹni tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ẹni tó bá dìde kò gbọdọ̀ gbé iṣẹ́ tó dára nìkan wá. Yóò gbé abala tó bàjẹ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sọ ohun tó bà á jẹ́, kí ẹlòmíràn má baà kó sí i. Bí èèyàn bá díbọ́n pé òun gbàgbé, bàbá á kàn wò ó, á ní, “Èyí tó bàjẹ́ dà?” Láti ìgbà tó ti lọ, ìwé kankan ò bàjẹ́ mọ́ ní Òkè-Ògùn. Ó dà bíi pé àwọn áńgẹ́lì ló ń bá wa tẹ̀wé.

Àga rẹ̀ ni mo jókòó lé. Ìyá Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí n máa bu ìrẹsì. Mo ti ń to lẹ́tà kí Ràmọ́nì tó mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú.

Wọ́n ní kò ní sí ìpàdé ní Méè, ìròyìn oṣù Júùnù sì di ti Ọlágòkè ọmọ mi. Ó ní ó dáa. Ọmọ yìí kì í ronú kó tó ní ó dáa.

Ọjọ́ Ajé, 3 Méè.

Alhaji Ràsáàkì wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Òun ni olórí àwọn alùfáà tó ní ilé kéwú ní ìlú yìí. Ìwé àdúrà ààwẹ̀ ló fẹ́, ẹgbẹ̀rún kan, Lárúbáwá lókè, Yorùbá lábẹ́ ẹ̀, kó jáde kí oṣù ààwẹ̀ tó lé. Ó ní bí èyí bá tẹ́ òun lọ́rùn, ìwé tí àwọn ọmọ kéwú fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, láti ibí títí dé Kòmu, ọwọ́ wa ni òun yóò kó o sí.

Ọlágòkè ní ó dáa.

Yàtọ̀ sí bisimilláì orí ìwé ìpè ìgbéyàwó, a ò tẹ Lárúbáwá rí nílé yìí. Nígbà tí Alhaji lọ, mo bi í bóyá ó mọ ohun tó gbà. Ó ní, “Màámi, ìwé náà ni.” Bí ẹni ń sọ pé àti ejò àti okùn, gígùn náà ni wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 13 Méè.

Òjò gidi àkọ́kọ́. Ó ṣí páànù mẹ́ta lórí ilé ìdáná.

Ọlágòkè ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú àwọn irin tí wọ́n fín Lárúbáwá sí lára. Ó ní bébà ti gun òkè àjà, àwọn tó ń tà á ń wo oníbàárà bí ẹni ń wo alágbe, nítorí ìjọba ti há ọ̀nà mọ́ ọjà òkèèrè. Gbogbo èyí tó rí ló rà. Rímù kan di náírà mẹ́rìnlá. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, owó tí ì bá fi fẹ́yàwó, ó fi ra bébà.

Lẹ́tà Ọmọ́bọ́lá àbúrò rẹ̀ náà wọlé láti Ṣakí. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ òun ń lọ sí Saudi, òun náà ń gbèrò. Ó ń gbèrò. Ọmọ tí kì í lè dá oògùn ibà lò títí ìgbà tí ó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́rú, 26 Méè.

A parí títẹ̀. NẸ́PÀ mú iná lọ láti ọjọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ la fi tẹ maṣíìnì náà. Iṣẹ́ mọ́. Yíǹkì dúdú kirimú, Lárúbáwá náà dúró ṣánṣán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yin Ọlágòkè. Mo fi sílẹ̀ di ọ̀la.

Ọjọ́bọ̀, 27 Méè.

Ó dára tí mi ò yìn ín.

Òwúrọ̀ yìí ló ká abala àkọ́kọ́ kó di ìwé. Ó ká a, ó ṣí i. Ó tún ká òmíràn, ó tún ṣí i. Mo jáde láti ẹ̀yìn káńtà. Ìwé náà ń ṣí láti ọwọ́ òsì, bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá gbà á bí mùsùlùmí ṣe ń gba ìwé, tó ṣí i láti ọwọ́ ọ̀tún, ìparí àdúrà ni yóò kọ́kọ́ bá, yóò sì máa kà á padà sẹ́yìn títí yóò fi dé bisimilláì.

A ti to àwọn ojú-ewé sórí maṣíìnì bí a ṣe ń to ti ìwé orin ìjọ. Bí ọwọ́ ṣe mọ̀ ọ́n ló ṣe tò ó, ẹnikẹ́ni ò bi ọwọ́ léèrè. Gbogbo ẹgbẹ̀rún kan, tojú tẹ̀yìn.

Ọmọ tó ní “ìwé náà ni” nìyẹn. Mo ti ilẹ̀kùn iwájú, mo ní kí Ọlágòkè máa sọ fún oníbàárà pé mò ń ka ọjà.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Méè.

Ọlágòkè ò jẹun. Mo ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́, mo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, bébà ò sí. Alhaji kọjá lọ kí Jímọ̀, ó juwọ́ sí mi láti ojú títì. Mo juwọ́ padà. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ẹ̀rín náà ń dùn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ títí di báyìí.

Bí àwọn ará ẹgbẹ́ yẹn bá gbọ́, wọn á jẹ ẹ́ bí àkàrà.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Méè.

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní orí ń fọ́ mi, kì í ṣe irọ́.

Ọlágòkè jókòó sí àárín ìwé, mò ń bá a wí. Mo ní bàbá rẹ̀ ì bá ti ká abala kan ṣoṣo kó tó tẹ ìkejì. Bó ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, inú bí i, ó fa ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ya, ó sì ya gẹ́lẹ́ níbi tó ti ká a. Ewé kan já bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi. Mo mú un. Iwájú rẹ̀ ni ojú-ewé kìíní, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìkejì. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Mo ní, “Ọlágòkè, wá wo nǹkan.”

Ewé kan ṣoṣo kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ibi tí a bá ti rán an ló ń sọ ọ́ di ti Lárúbáwá tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá gé gbogbo rẹ̀ sí ewé kọ̀ọ̀kan, tí a tò ó, tí a lu ihò sí etí ọ̀tún tí a sì fi òwú rán an, ìwé kéwú ni. Etí náà fẹ̀ díẹ̀, òwú ò ní jẹ ọ̀rọ̀.

Ó wò mí. Ó jẹ àmàlà méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Júùnù.

Gígé ti parí, rírán kù. Ọmọ́bọ́lá ti Ṣakí wá lo ìsinmi rẹ̀ nídìí abẹ́rẹ́. Ó ti gbẹ, ọrùn rẹ̀ ti gùn. Ó kó abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ọ̀nà tí à ń gbà rán an ni wọ́n fi ń pa aláìsàn. Ó ń ta kókó sí ìdí òwú kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń di ojú ọgbẹ́. Ó dára lójú, mi ò lè parọ́. Mo bi í nípa Saudi. Ó ní kí n fún òun ní sísọ́ọ̀sì.

Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. A kó ìwé sá kiri yàrá bí ẹni ń kó ọmọ adìẹ.

Ọjọ́rú, 16 Júùnù.

A kó o fún Alhaji, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí i láti ọ̀tún. Ó kà. Ó di ewé méjì mú, ó fà á, kò já. Ó ní èyí tí wọ́n tẹ̀ wá láti Ìbàdàn lọ́dún èṣí, kí ààwẹ̀ tó dé ìlàjì ló ti fọ́nká. Ó gbàdúrà fún Ọlágòkè, ó ní lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀ kí ó wá gba iṣẹ́ ìwé àwọn ọmọ kéwú.

Mo ra ẹran. Àwọn ẹlẹ́ran Ìsẹ́yìn ti ya wèrè, ṣùgbọ́n mo rà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Júùnù.

Ọ̀la ni ìpàdé, nílé wa níbí. Mo rí Ọlágòkè tó ń nu abala kan tí kò gé, tó fi pamọ́. Mo bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ gbé e lé tábìlì.

Mo jókòó. Mo fi sùúrù sọ fún un. Mo ní iṣẹ́ ìwé kéwú kò tíì bọ́ sọ́wọ́, Abíọ́nà ti ń wá ọ̀nà débẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Mo ní, “Sọ èyí tó dára. Fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀ nílé.”

Ó ní, “Màámi, ta ló ti ń fi àwọn tí ń fi í sílẹ̀ nílé ṣẹ̀sín láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú?”

Mo ní èyí yàtọ̀. Ó bi mí ibi tó ti yàtọ̀. Mo dìde lọ bu omi, òùngbẹ ò sì gbẹ mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Júùnù.

Ó gbé e lé tábìlì.

Ó kọ́kọ́ gbé ìwé tó dára sílẹ̀, wọ́n ní káre. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ abala tó bàjẹ́ sílẹ̀, ó ká a lójú wọn, ó ṣí i, ó fi ìka tọ́ka. Ó sọ bí ọwọ́ ṣe tò ó bí ìwé orin ìjọ. Ó sọ bí ó ṣe yẹ kí a tò ó, kí ojú-ewé ìparí wà níbi tí ìkíní máa ń wà. Ó sọ bí a ṣe gé e, bí a ṣe rán an. Ohùn bàbá rẹ̀ ni mo ń gbọ́, àfi pé bàbá rẹ̀ kì í yára tó bẹ́ẹ̀.

Abíọ́nà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ní, “Ọmọ Olóògbé, o fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ àwọn alùfáà láti máa kírun padà sẹ́yìn.” Ràmọ́nì tó ń gbààwẹ̀, tó ní òun ò lókun láti gbé àga, rí okun fi rẹ́rìn-ín. Àpọ́nlé, ẹni tó ń to lẹ́tà fún Abíọ́nà, gbá itan lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, Adégbénró, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó ní maṣíìnì kan ṣoṣo ní Àgọ́-Àmọ́dù. Ó dìde, ó bi Ọlágòkè ẹ̀gbẹ́ wo ni ojú-ewé kìíní wà. Ọlágòkè fi hàn án. Ó mú fìlà rẹ̀, ó sì bọ́ sí títì láìdágbére. A rò pé inú ló ń run ún.

Mo bu ìrẹsì fún àwọn tí ò gbààwẹ̀. Mo fi eegun sí ti Abíọ́nà.

Ìṣẹ́gun, 29 Júùnù.

Abíọ́nà ò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú. Ọjọ́ Àìkú ló ti lọ kí Alhaji, ó ní òun kọjá lọ ni. Láti Ṣakí, ó kọjá lọ.

Alhaji ránṣẹ́ pe Ọlágòkè, mo tẹ̀ lé e. Kò pariwo mọ́ wa, ì bá sàn kó pariwo. Ó ní òun fi àdúrà rán Ọlágòkè níṣẹ́, àfi bí òun ṣe wá gbọ́ pé àkísà ni wọ́n rán pọ̀ fún òun. Ọlágòkè ní ìwé náà kò ní àbùkù kankan. Alhaji ní, “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ìta ni mo ti gbọ́ ọ.” Ó ní iṣẹ́ ìwé kéwú ti di ti Ṣakí. Ó tún bá wa gbàdúrà kí a tó lọ.

Nígbà tí a délé, mo sọ ohun tó wà nínú mi fún Ọlágòkè. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ó tẹ́tí sí i dé òpin, ó ní ó dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Júláì.

Èmi àti Ọlágòkè ò tíì máa bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ń sọ ohun tí mo fẹ́ fún ewúrẹ́, ó ń gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 8 Júláì.

Adégbénró wá láti Àgọ́-Àmọ́dù, ó gbé àpò èlùbọ́ kan lórí alùpùpù, adìẹ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ẹnu ọ̀nà nínú ẹrẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ìwé àdúrà tí àwọn mùsùlùmí ìlú òun fẹ́ pín lọ́jọ́ ọdún ti wà lórí maṣíìnì òun, bí ti Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́, tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Gbogbo bébà tí òun ní láyé nìyẹn. Ó ní bí òun bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí òun tó wá sípàdé, òun ì bá ti ta maṣíìnì.

Mo ní ó ṣeun gan-an. Mo ní bí ó bá ń padà lọ, kó ya ọ̀dọ̀ Alhaji, kó fi èlùbọ́ bẹ̀ ẹ́.

Ojú tì í. Ọlágòkè wò mí. Ó sì di ẹ̀bi tèmi.

Ọjọ́bọ̀, 22 Júláì. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀.

Lọ́dọọdún, oúnjẹ máa ń ti ilé Alhaji wá. Mo fọ abọ́ dè é. Mo kó abọ́ padà.

Ìpàdé Júláì ò wáyé, wọ́n ní nítorí ọdún. Ọmọ́bọ́lá kọ̀wé pé àwọn tó ń kó nọ́ọ̀sì lọ sí Saudi ti dé Ìbàdàn. Mi ò tíì dá a lóhùn. Bí mo bá kọ ọ́, ìbínú ni yóò kún inú rẹ̀, owó sítáḿpù á sì ṣòfò.

Ọjọ́ Ajé, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì.

Mo fẹ́ kọ èyí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí ó dùn mọ́ mi.

Ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, mọ́tò kan dúró, kì í ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn, níbi tí a ń da ìdọ̀tí sí. Abíọ́nà sọ̀ kalẹ̀. Ó di nǹkan mọ́ra lábẹ́ agbádá bí aboyún. Ó kí mi ní “Ìyá wa,” èyí tí kò pè mí rí. Mo ní Alága ló ń gba ọ̀nà ewúrẹ́ wọlé báyìí. Ó ní ilé ni ilé.

Ó tú u sílẹ̀ fún Ọlágòkè. Ìwé àwọn ọmọ kéwú. Ó ń ṣí láti ọwọ́ òsì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí: ó rántí ohun tó rẹ́rìn-ín sí nípàdé, ó sì yí àwọn ojú-ewé padà lórí ìwé àpẹẹrẹ kó tó gbé e fún Àpọ́nlé. Àpọ́nlé náà rántí ohun tó rẹ́rìn-ín sí, ó tún un yí padà lórí maṣíìnì. Yíyí méjì, ó padà di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sọ fún ẹnìkejì, nítorí ní ṣọ́ọ̀bù Abíọ́nà, ẹni tó bá ní òun ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bàjẹ́, òun ni wọ́n á ní ó bà á jẹ́. Ó ti tẹ gbogbo rẹ̀. Alhaji ń retí rẹ̀ kí oṣù tó parí.

Mo ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ láti oṣù Júùnù. Mo la ẹnu. Ọlágòkè ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá abẹ́rẹ́.”

Ó bá a gé abala kan, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lu ihò, ó fi kókó Ọmọ́bọ́lá hàn án. Kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí Abíọ́nà ń dúpẹ́, ó ní, “Ẹ má dúpẹ́, sà. Àmọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ó gbé méjèèjì lé tábìlì.” Abíọ́nà ní ó ti ṣe tán. Ó búra.

Bó ṣe lọ tán, mo bi Ọlágòkè bóyá orí rẹ̀ pé. Iṣẹ́ tó gbà lọ́wọ́ wa, a tún ràn án lọ́wọ́ láti jẹ ẹ́. Ó ní àwọn ọmọ kéwú ni yóò ka ìwé náà, kì í ṣe Abíọ́nà.

Ó dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Ọ́gọ́ọ̀sì. Àgọ́-Àmọ́dù.

Ìyẹ̀wù Adégbénró kéré, a há síbẹ̀ bí ẹ̀wà. Òjò fẹ́ rọ̀, kò rọ̀.

Abíọ́nà dìde. Ó gbé ìwé kéwú lé tábìlì, ó dára. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun jókòó, òun ronú bí ìwé àwọn ọmọdé kì í ṣe pẹ́ kó tó ya. Ó ní òun ló wá rò ó pé kí òun gé e ní ewé kọ̀ọ̀kan, kí òun fi òwú rán an létí ọ̀tún. Ọ̀nà tuntun ni. Ó ní Alhaji dìde fún òun. Kò sí wàhálà rárá.

Mo wo Ọlágòkè, ó ń wo ilẹ̀. Adégbénró ń wo Ọlágòkè. Wọ́n ti fẹ́ máa pàtẹ́wọ́.

Láti ọdún tí mo ti ń jókòó sórí àga yìí, mi ò sọ̀rọ̀ rí àfi kí n bi wọ́n bóyá ẹran tó. Mo ní, “Alága, èyí tó bàjẹ́ dà?”

Abíọ́nà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ìyá Ẹgbẹ́, a ò tíì dé orí oúnjẹ.”

Mi ò mira. Ràmọ́nì ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ràmọ́nì ará Òtu, tí ń yin sísín. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Alága, ẹ dá ìyá lóhùn.”

Abíọ́nà ti ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó sì fa abala tó bàjẹ́ yọ. Ó wà lára rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ó ti ká a, ó ti tún un ká, títí ó fi kéré bí ìwé tí wọ́n fi ń pọ́n oògùn. Ó gbé e wá. Ó fẹ́ ṣe é. Nígbà tó dìde ni ẹnu rẹ̀ gba ọ̀nà tó mọ̀ lọ.

Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìwé náà ò fẹ́ tẹ́jú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. Ó ní, “Mo yí i padà. Àpọ́nlé náà yí i padà.” Lẹ́yìn náà ló sọ ilé tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, àti ẹni tó kọ́ ọ. Àpọ́nlé ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo ti tọ́jú ẹ̀gàn sílẹ̀ de ọkùnrin yìí fún oṣù méjì gbáko. Mo wá a níbi tí mo gbé e sí, mi ò rí i. Ó bí mi nínú.

Adégbénró náà dìde, ó gbé abala kan ṣoṣo tó fi dán tirẹ̀ wò sílẹ̀. Ràmọ́nì ní òun ní kàlẹ́ńdà kan nílé tí òun fi oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà sí ẹ̀ẹ̀mejì. Èyí náà tún di ìdíje. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í figagbága lórí ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ jù. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ò ní yé dà mí láàmú.

Nígbà tí wọ́n ń pín ìròyìn oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní ó kan Ìyá Ẹgbẹ́. Mo bi wọ́n ta ni yóò wá bu ìrẹsì. Abíọ́nà ní òun yóò bù ú.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Ọ́gọ́ọ̀sì.

Alhaji ò dá iṣẹ́ kankan padà, mi ò sì retí rẹ̀. Gààrí tún ti wọ́n.

Mo kọ̀wé sí Ọmọ́bọ́lá. Mo ní bí ó bá fẹ́ lọ sí Saudi, kó kọ́kọ́ wá sílé wá sanra.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo tú gbogbo ẹ̀yìn maṣíìnì, mò ń wá èyí tó bàjẹ́ tí mo lè gbé lọ sípàdé. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó ohun tí èèyàn lè fi yangàn. Ọlágòkè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní kí n má wulẹ̀ dààmú, òun wà nílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí ò láya, tó kó iṣẹ́ fún ọ̀tá, kí n sáà gbé òun lé tábìlì.

Mo ní kó kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ fún mi. Mo ní èyí tó bàjẹ́ ni mò ń wá.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e. Ó gbé ẹ̀pà tó kù kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ ṣí fèrèsé.